Agbohùnsókè Ẹ̀yìn Mọ́tò Bàbá Mi

Bí mo bá di ojú lónìí, tí mo ní kí n gbọ́ ohùn ilé wa ní Kpingni, lẹ́bàá Dassa ní ilẹ̀ Benin, kì í ṣe ohùn ènìyàn ni ó kọ́kọ́ ń wọlé sí mi létí. Àpáta ni. Ilé wa fẹ̀yìn ti òkè, òkúta tí oòrùn bá sì ti yan láti òwúrọ̀ a máa ké nígbà tí ọ̀sán bá ń rọ̀, kẹ́, kẹ́, kẹ́, bí ẹni ń pa ẹ̀kùrọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni igbe ẹyẹ awó tí ìyá bàbá mi ń sìn. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìró ọwọ̀ tí àwa ọmọbìnrin fi ń gbá láfún jọ lórí àpáta pẹrẹsẹ tí ó wà lẹ́yìn ilé, nítorí orí àpáta ni gbogbo àdúgbò ń sá ẹ̀gẹ́ sí, oòrùn a sì gbẹ ẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta. Ìyá àgbà a máa wí pé ilẹ̀ tí Ọlọ́run ti fi òkúta tẹ́, ẹni tí yóò bá ni wí sí i kò sí. Ohùn tí ó kẹ́yìn ni ti mọ́tò Bàbá. A ó ti gbọ́ ọ ní ìsàlẹ̀ kí a tó rí i, òkè yóò gba ìró rẹ̀, yóò dá a padà, a ó sì rò pé méjì ni ó ń bọ̀. Ìgbà náà ni Ìyá yóò gbé omi ọkà kaná.

Mọ́tò náà jẹ́ irú èyí tí a ń pè ní bàṣé: iwájú rẹ̀ gba awakọ̀ àti ẹni méjì, ẹ̀yìn rẹ̀ sì jẹ́ àpótí ńlá tí a fi aṣọ líle bò, pákó ìjókòó méjì kọjú síra wọn nínú rẹ̀. Ẹ̀yìn yìí ni àwọn obìnrin ń jókòó sí pẹ̀lú gaàrí àti láfún wọn, láti Kpingni gba Dassa kọjá títí dé Paouignan, níbi tí àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń lọ sí òkè ọya ti ń dúró rajà. Bàbá kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ iyì mọ́tò rẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, kí a tó lọ sí Mísà, ó ti fọ̀ ọ́, ó sì ti fi aṣọ gbígbẹ nu gíláàsì rẹ̀. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá ní là á náání. Ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi. Bàbá mi náání mọ́tò yẹn ju bí àwọn mìíràn ti náání ilé lọ.

Ìgbà ìjọba Ẹ̀húzù ni, bí àwọn Fọ̀n ti ń pe ìyípadà ńlá tí àwọn ológun mú wọ ilẹ̀ wa. Ẹni tí kò gbé ayé nígbà náà lè rò pé ìbẹ̀rù ni a ń jẹ, tí a sì ń mu. Rárá o. À ń jẹ iyán, à ń ṣe ìgbéyàwó, à ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti di ohun tí ènìyàn ń wo ọ̀tún wo òsì kí ó tó sọ. Olórí ìgbìmọ̀ ìjọba wà ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, délégé ni a ń pè é. Tiwa jẹ́ ọkùnrin abikùn-ńlá, ọlọ́yàyà, tí ó fẹ́ràn láti máa jókòó níwájú mọ́tò Bàbá bí ó bá ń lọ sí ìpàdé ní Dassa.

Ibi oúnjẹ alẹ́ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ojúmọmọ ṣì kù díẹ̀ lójú ọ̀run. Awakọ̀ kan ní Akofodjoulè ti so agbohùnsókè mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò tirẹ̀, àwọn obìnrin sì ti ń wí pé orin ni àwọn fi ń rìnrìn àjò. Rádíò wà nínú mọ́tò Bàbá, ó ń gba kásẹ́ẹ̀tì pàápàá, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kan ṣoṣo wà níwájú, lẹ́bàá ẹsẹ̀ awakọ̀. Bàbá bu iyán, ó fi kan ọbẹ̀ ẹ̀pà, ó ní, “Mo fẹ́ kí Músílíù wá so méjì sí ẹ̀yìn.”

Ìyá mi kò gbé ojú sókè. “Kí ni yóò máa ṣe níbẹ̀, Bàbá Àgátà?”

“Orin ni. Ẹni tó wà níwájú ń gbọ́ orin, ẹni tó wà lẹ́yìn ń jẹ eruku. Ṣé ohun tó dára nìyẹn?”

“Ẹ̀yìn mọ́tò yín kò dákẹ́ rí. Ẹ̀yin tí ẹ wà níwájú ni ẹ kò gbọ́ wa. Ìyàwó tí ẹ̀gbọ́n Felisité, ọ̀rẹ́ Àgátà yìí, fẹ́, ẹ̀yìn mọ́tò yẹn ni a ti parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá gbé orin kọ́ wa létí, ibo ni kí a ti máa bára wa sọ̀rọ̀?”

“Ẹ ó máa pariwo sọ ọ́.”

“Ọ̀rọ̀ tí a ń pariwo sọ, ọ̀rọ̀ ìjà ni.”

Ìyá àgbà ti jẹun tán, ó ń fọ eyín. Ó ní, “Dáníẹ́lì, ohùn tí ó bá pe ènìyàn láti ẹ̀yìn, a kì í dá a lóhùn títí a ó fi rí ojú ẹni tó pè. Ìwọ wá fẹ́ gbé ohùn aláìlójú kọ́ ẹ̀yìn orí àwọn ènìyàn.”

“Orin ni, Ìyá, kì í ṣe iwin.”

“Mo gbọ́. Iwin náà a máa kọrin.”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i lójú rẹ̀ pé ó ti pinnu. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni Músílíù dé. Mùsùlùmí oníwà pẹ̀lẹ́ ni, ó ń tún rádíò ṣe ní ẹ̀gbẹ́ ọjà Dassa, ẹnu rẹ̀ sì dùn ju kásẹ́ẹ̀tì lọ. Ó so àwọn agbohùnsókè méjèèjì mọ́ igun àpótí mọ́tò, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ó gba wáyà wọn abẹ́ ìjókòó kọjá. Mo jókòó sórí òkúta, mo ń wò ó. Nígbà tí ó rí i pé ojú mi kò kúrò lára iṣẹ́ náà, ó ní, “Àǹtí kékeré, wá kí n fi nǹkan hàn ọ́.” Ó mú agbohùnsókè àlòkù kan nínú àpò rẹ̀, ó ki wáyà rẹ̀ bọ ojú ihò ibi tí wọ́n ń so gbohùngbohùn tí a fi ń sọ̀rọ̀ mọ́ lára ẹ̀rọ kan tí ó gbé wá, ó sì sọ̀rọ̀ sí i nínú: “Àgátà, ọmọ Kpingni.” Ohùn rẹ̀ jáde láti ara òmíràn tí ó ti so mọ́ ẹ̀rọ náà, tí ó wà lábẹ́ igi máńgòrò. Ara mi bù máṣọ. Ó ní, “Ṣé o rí i? Ẹnu tó ń sọ̀rọ̀ yìí, a lè sọ ọ́ di etí. Ọmọ ìyá ni àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n ti mọ́tò bàbá rẹ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ o, wáyà rẹ̀ kò gba ọ̀nà ibẹ̀.” Gbólóhùn àkọ́kọ́ ni mo gbé lọ. Èkejì, mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀ bí èèpo ẹ̀pà.

Ní ọjọ́ kejì, lórí àpáta láfún, Felisité ọ̀rẹ́ mi ń fi bàtà tuntun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rà fún un yangàn. Èmi kò ní bàtà tuntun. Mo ní, “Mọ́tò bàbá mi ti ní etí. Ohun tí a bá sọ lẹ́yìn rẹ̀, ó ń gbọ́ ọ.” Felisité ní irọ́ ni. Mo fi Ọlọ́run búra pé ojú mi ni ó ṣe, mo sì sọ bí Músílíù ti ṣe é, àyàfi pé mo gbé gbogbo rẹ̀ kúrò lábẹ́ igi máńgòrò, mo gbé e wọnú mọ́tò. Ó ya ẹnu, inú mi sì dùn. Mo ti darúgbó báyìí, mo ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ilé ìwé, mo ti bu ọlá fún òtítọ́ níwájú ènìyàn. N kò sì lè fi ẹ̀rín bo ọjọ́ yẹn mọ́lẹ̀. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ni í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n ti èmi, ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá mi ni mo mú ọ̀ràn bá.

Ìyá Felisité ni aṣíwájú àwọn obìnrin elérù. Ohun tí ọmọ rẹ̀ bá gbọ́ ní òwúrọ̀, ilé mẹ́wàá ti gbọ́ ọ kí oòrùn tó wọ̀. Nígbà tí ọjọ́ ọjà Paouignan fi máa pé, ọ̀rọ̀ náà ti hu ìwo: ohun tí a bá sọ lẹ́yìn mọ́tò Dáníẹ́lì, iwájú ni ó ń jáde sí, létí délégé. Ṣé kì í ṣe iwájú ni délégé máa ń jókòó sí? Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í rántí gbogbo ohun tí wọ́n ti sọ ní ẹ̀yìn mọ́tò náà láti ọjọ́ pípẹ́: ọ̀rọ̀ oko àjùmọ̀ṣe tí a ń lé wọn lọ, ọ̀rọ̀ ìpàdé tí kì í tán, ọ̀rọ̀ ikùn délégé. Wọn kò bi ara wọn pé nígbà yẹn agbohùnsókè kò ì sí níbẹ̀. Ẹni tí àyà rẹ̀ ń já kì í ka ọjọ́.

Bàbá gbé mọ́tò dúró sí orítà ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà, ó tan rádíò, orin ń dún kíkankíkan lẹ́yìn. Àwọn obìnrin gbé ẹrù lérí, wọ́n ń kọjá. Wọ́n kí i dáadáa. “Ẹ kú àárọ̀, Bàbá Àgátà.” “Ẹ ò wọlé?” “Ẹsẹ̀ la fẹ́ fi rìn lónìí, ara ń ro wá.” Láti Kpingni dé Paouignan, pẹ̀lú gaàrí lórí, nítorí pé ara ń ro wọ́n. Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀ lé e, a jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tó wà lórí àga wa sì sún, wọ́n tún sún, títí àyè tó lè gba ẹni mẹ́ta fi ṣí sílẹ̀ láàárín wa àti wọn. Ẹnìkan sọ ọ́ lẹ́yìn wa, kò sì rọra sọ ọ́: “Etí ìjọba.” Mo rí ọrùn Bàbá. Kò yí padà. Ọkùnrin tí kò bá ẹnikẹ́ni jà rí, tí ó ń gbé aboyún dé ilé ìwòsàn láìbéèrè nǹkan kan, òun ni wọ́n sọ di olófòófó. Ebi lè pa ilé kí ó tún yó, ṣùgbọ́n ní àárín àwọn òkè wa, ẹni tí a bá pè ní olófòófó, orúkọ náà ni àwọn ọmọ rẹ̀ yóò jogún.

Bàbá gbé irin tí a fi ń tú ṣúrúù, ó fẹ́ tú àwọn nǹkan náà sílẹ̀ ní ọ̀sán yẹn. Ìyá àgbà dì í lọ́wọ́ mú. “Bí o bá tú u lónìí, wọn yóò ní o ti gbé e pamọ́. O ti jẹ́wọ́ nìyẹn.” Bàbá ju irin náà sílẹ̀. Ó wo ìyá mi tí ó ń yọ èérí inú ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Ẹni tí kò fẹ́ kí a so ó mọ́ ọn láti ìbẹ̀rẹ̀, ó kú iṣẹ́.”

Ìyá gbé ojú sókè. “Èmi?”

“Ta ló tún sọ pé òun kò fẹ́ ẹ?”

“Mo sọ ọ́ lójú yín. N kò sọ ọ́ lẹ́yìn yín.” Ó padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀, kò sì tún gbèjà ara rẹ̀ mọ́. Irú obìnrin tí ó jẹ́ nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀kan ni ó ń sọ òtítọ́. Láti ọjọ́ náà, ó ń gbé oúnjẹ Bàbá kalẹ̀ fún un lórí tábìlì nínú yàrá, òun ń jẹ tirẹ̀ ní ilé ìdáná. Kò sí ariwo, kò sí èébú. Ilé wa tí ó kún fún ohùn wá di ibi tí à ń gbọ́ àpáta nìkan. Èmi náà kò lè jẹun. Mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ, ó ga dé ọ̀fun mi lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lójúmọ́, mo sì ń gbé e mì. Mo ń rò pé bí mo bá dákẹ́ pẹ́ tó, yóò tán fúnra rẹ̀. Ọmọdé ni mo jẹ́, n kò mọ̀ pé ohun tí a gbé mì láìjẹ kì í dà.

Ní ọjọ́ kẹjọ ni délégé wọ ilé wa. Mo sá sẹ́yìn ìkòkò omi. Ó jókòó, ó gba omi, ó wo yíká, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. “Kàmáráàdì Dáníẹ́lì, mo gbọ́ pé nǹkan rẹ ń gbọ́ràn.”

“Kò gbọ́ nǹkan kan. Orin ni ó ń kọ.”

“Má fi pamọ́ fún mi.” Ó sún mọ́ ọn. “Kí ni wọ́n ń sọ nípa mi?”

Bàbá rí ọ̀fìn tí ó wà níwájú àti èyí tí ó wà lẹ́yìn. Bí ó bá ní kò gbọ́ràn, délégé yóò rò pé ó ń bo ẹnìkan. Délégé sì fi kún un pé, bí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá wà láìjẹ́ pé ìjọba mọ̀, òun yóò ní láti kọ ìwé sí àwọn ọ̀gá ní Dassa. Bí ó bá sì dárúkọ ohun kan ṣoṣo, ó ti di olófòófó ní òtítọ́. Ìyá àgbà ni ó jáde láti ibi àwọn ẹyẹ awó rẹ̀, ìyẹ́ wà ní ìró rẹ̀. Ó ní, “Ọmọ mi, a kì í jókòó nílé mọ adùn ọbẹ̀. Ọ̀la ni ọjà. Ìwọ jókòó níwájú, kí o fi etí ti rádíò. Èmi yóò jókòó lẹ́yìn pẹ̀lú àwọn obìnrin, n ó sì sọ̀rọ̀ láti ìhín dé Dassa. Bí o bá lè sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tí mo sọ, kọ ìwé rẹ. Bí o kò bá lè sọ ọ́, wí i lẹ́nu ọjà pé kò gbọ́ràn.” Délégé rò ó, ó gbà. Mo rò pé ó wù ú kí nǹkan náà gbọ́ràn.

Ìyá àgbà fúnra rẹ̀ ni ó lọ bẹ Ìyá Felisité àti obìnrin mẹ́ta mìíràn. Wọ́n wọlé bí ẹni ń wọ odò, wọ́n gbé oúnjẹ ọjà wọn lé ẹsẹ̀, ojú wọn kò kúrò lára agbohùnsókè méjèèjì. Ìyá àgbà fi mí sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Bàbá tan ẹ̀rọ, ó tan rádíò, a gbéra. Kò pẹ́ rárá, Ìyá àgbà gbé ẹnu sí tọ̀tún, ó ní, “Ìwọ yìí, bí o bá létí, gbọ́. Sọ fún délégé pé ẹ̀wà tí ó ní kí a gbìn sí oko àjùmọ̀ṣe, àgbàlá rẹ̀ ni ó ti hù.”

Àwọn obìnrin mú orí sísàlẹ̀. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Orin ń lọ.

“Sọ fún un pé ikùn rẹ̀ ń dé ìpàdé ṣáájú rẹ̀, kí ó jẹ́ kí ikùn náà máa ka ọ̀rọ̀, kí òun máa sùn nílé.”

“Ìyá, ó tó,” ni Ìyá Felisité wí, ó fi gèlè di ẹnu.

“Kò ì tó. A kò ì dé Dassa.” Ó yí sí tòsì. “Ìwọ, ọmọ ìyá rẹ̀, sọ fún un pé ìyàwó rẹ̀ ń sọ fún wa pé ó ń hanrun bí ọkọ̀ tó ń gun òkè.”

Obìnrin kan bẹ́ sẹ́rìn-ín, ó sì gbá ẹnu ara rẹ̀ mú. Èkejì rẹ́rìn-ín. Kí a tó dé ibi tí ọ̀nà ti ń yà sí ọjà, wọ́n ti ń sọ tiwọn náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń dá sí i, Ìyá Felisité ni ó sì sọ èyí tí ó burú jù, n kò lè kọ ọ́ sínú ìwé. Bàbá dúró. Délégé sọ̀ kalẹ̀, ó yí wá sí ẹ̀yìn, òógùn bo ojú rẹ̀. Mo di ìró Ìyá àgbà mú.

“Ìyá,” ni ó wí, “mo fi etí ti nǹkan yìí títí ó fi fẹ́ẹ̀ di mí létí. Orin nìkan ni mo gbọ́. Kí ni ẹ sọ?”

“Orúkọ rẹ ni a ń dá, ọmọ mi. A kò sinmi rárá.”

Ó mi orí, ó ṣe bí ẹni tí wọ́n fi oúnjẹ dù. Ó sì mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Níwájú àwọn tó ń sọ ẹrù kalẹ̀ lẹ́nu ọjà, ó ní etí nǹkan tí ó wà ní mọ́tò Kàmáráàdì Dáníẹ́lì di pátápátá, òun ti dán an wò. Ọ̀rọ̀ ìjọba kò wúlò fún àwọn obìnrin náà tó ẹ̀rín tí wọ́n gbé sọ̀ kalẹ̀. Ní ọ̀sán yẹn, nígbà ìpadàbọ̀, àyè kò gba gbogbo àwọn tó fẹ́ wọ mọ́tò. Bàbá ń gbé agbọ̀n wọn sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbé e pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí wọ́n fún ní ọmọ gbé.

Nígbà tí a délé, Ìyá ń ro ọkà. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ohun tí mo ti ń gbé mì láti ọjọ́ mẹ́sàn-án jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ti bàtà Felisité, ti igi máńgòrò, ti ìbúra. Ọwọ́ Ìyá dúró lórí ọmọrogùn. “Ìwọ?” “Èmi ni, Ìyá.” Ó pe Bàbá, ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Mo ń dúró de ọwọ́ rẹ̀ lára mi, ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ni ó ń wò. Ìyá mi ni ó ń wò.

“Ìyá Àgátà,” ni ó wí. “Mo ṣẹ̀ ọ́.”

N kò gbọ́ irú rẹ̀ rí lẹ́nu ọkùnrin ìgbà yẹn, n kò sì gbọ́ ọ púpọ̀ láti ìgbà náà wá. Ìyá ní, “Ẹ jẹ́ kí n parí ọkà yìí kó má baà di kókó.” Bàbá kò lọ. Ó fa àpótí ìjókòó kan, ó jókòó sínú èéfín, ilé ìdáná ni ó sì ti jẹun ní ọjọ́ yẹn, nínú àwo kan pẹ̀lú rẹ̀. Ìjìyà tèmi ni pé kí n lọ láti ilé dé ilé, kí n fi ẹnu mi tú ohun tí mo fi ẹnu mi dì. Ilé mọ́kànlá ni mo wọ̀. Ojú tì mí débi pé mo lè wọlẹ̀, síbẹ̀ bí mo ti ń jáde nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ara mi ń fúyẹ́, nígbà tí mo sì fi dé ilé Ìyá Felisité tí ó kẹ́yìn, sáré ni mo fi wọ ibẹ̀. Mo padà sílé, mo jẹun, mo tún bu sí i.

Bàbá wá bi Ìyá pé kí ni kí òun ṣe sí àwọn nǹkan méjèèjì, kí òun tú wọn ni tàbí kí òun fi wọ́n sílẹ̀. Ó ní Ìyá ni kí ó dá a. Ìyá rò ó fún ọjọ́ kan gbáko. Ó ní, “Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, orin náà kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ ní kí Músílíù gbé bọ́tìnì rẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa.” Músílíù rẹ́rìn-ín títí, ó ní òun kò rí ibi tí wọ́n ti gbé àṣẹ rádíò fún èrò ẹ̀yìn rí. Ṣùgbọ́n ó ṣe é. Ó so bọ́tìnì dúdú kékeré kan mọ́ igi àpótí mọ́tò, lókè ìjókòó òsì, níbi tí ọwọ́ obìnrin tó jókòó yóò dé.

Ní ọjà tí ó tẹ̀ lé e, ẹ̀yìn kún fọ́fọ́. Orin bá wa gbéra láti Kpingni, àwọn obìnrin ń mi orí sí i, Bàbá ń wò wá nínú dígí, inú rẹ̀ ń dùn. Nígbà tí a kọjá Dassa, Ìyá mi na ọwọ́ sókè, ó yí bọ́tìnì náà pa, ó sún mọ́ Ìyá Felisité, ó ní, “Ẹ gbọ́ ná, ibo la bá ọ̀rọ̀ dé?”